Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sáfà Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Sáfà kẹrin kú láàárọ̀ yìí, nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò tíì sọ báàgì mi kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, lẹ́yìn náà fáànù rẹ̀ dákẹ́, òórùn ike tó ń jó sì gba gbogbo yàrá. Àwọn mẹ́rin yòókù ń kùn lọ lórí pẹpẹ irin wọn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe ará ilé wọn.

Mo rò pé Ìyá Agbo máa fò dìde. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú àwọn sáfà márùn-ún wọ̀nyí, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń bá ẹ̀ka wa ṣírò tó sì ń tọ́jú iṣẹ́ wa. Wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, agbo ni a ń pè wọ́n, ìdí nìyẹn tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Kò fò. Ó yọ okùn iná ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì kọ àkókò sí i. Ìgbà yẹn ló tó bojú wò mí.

"Ọmọ tuntun, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Irọ́ ni.

"Ojú ẹ kò jọ ti ẹni tó jẹun." Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi. "Ẹni tébi ń pa kì í tú ẹ̀rọ. Jẹ ẹ́ níta, má jẹ́ kí èérún já bọ́ síbí."

Yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan yan ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwọn yòókù lọ sí ilé ìkàwé àti ọ́fíìsì. Yàrá sáfà ni mo yàn, torí mo rò pé ẹ̀rọ kì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. Bàtà mi kan ti ń mu omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo mọ ẹni tí ikú sáfà yìí máa pa lára jù.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka wa tó ń ṣe ìwé Dókítà. Ẹ̀gbọ́n Olódò ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí odò kan ló ti ń wọ̀n láti ọdún mẹ́rin: bó ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó. Ó ri ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ́ etí odò náà, ẹ̀rọ ọ̀hún sì ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí sáfà kẹrin ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lóṣù tó kọjá, odò náà kún. Irú ìkún omi bẹ́ẹ̀ ló ti ń retí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Omi náà gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n fúnra rẹ̀ lọ, wọn ò rí i títí dòní. Ohun tó fi ránṣẹ́ kó tó lọ nìkan ló kù.

Ó wọlé láàárọ̀ yìí láìkan ilẹ̀kùn. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí sáfà kejì."

Ìyá Agbo kò sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Kò sí lórí ìkejì. Ìkejì ti kún láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò gba ẹ̀dà kankan mọ́. Ìkìlọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ ń lọ sínú ímeèlì bàbá tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Èmi ló yẹ kí n ti yí i padà. Mi ò yí i."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

"Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa gbèjà ìwé mi, mà."

"Mo mọ̀."

"Bí ìkún omi yẹn ò bá sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ gbèjà? Ọdún mẹ́rin tí mo fi wo odò tó ń sùn?"

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo wo àwọn iná kéékèèké orí sáfà dípò rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn tí mi ò bá mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Ìyá Agbo ní, "Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù. Mi ò tíì ṣí i wò. Òkú tí a ò tíì wò lójú, a kì í sunkún rẹ̀ tán."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

A ṣí i lónìí. Mo fẹ́ kọ bí Ìyá Agbo ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan pẹpẹ irin kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, bí ẹni tó kí onílé kó tó wọ yàrá. Ó ní iná mànàmáná kékeré tó máa ń wà lára èèyàn, tí irin ń gbà, lè pa dísìkì kí èèyàn má tilẹ̀ mọ̀. Ó tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà sí i, ó sì ń to ìṣó kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ti tú u lórí àwòrán. Ìṣó mẹ́rìnlélógún. Kò sí èyí tó yí gbirigbiri.

Dísìkì méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbé làákàyè ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti jóná, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èkejì ló gbé ẹrù àwa èèyàn, ìkún omi Ẹ̀gbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kò kú, àmọ́ kò yá. Nígbà tí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbá mọ́ra nínú òtútù.

Ìyá Agbo tẹ́tí sí i pẹ́. "Ó ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa lè ka inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. A máa ra tuntun, a máa da ẹrù yìí sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìgbà yẹn la ó tó ronú ilé tí a máa kọ́."

Mo wá gbọ́ òfin yàrá náà. Kò sóhun tí Ìyá Agbo máa ń tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù láìkọ ọ́ sínú ìwé ńlá náà ṣáájú. Tó bá kọ ọ́ tán, á kà á sókè. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ tún un sọ, kó sì fi "mo gbọ́" parí rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni ẹnì kejì.

Èmi tí mo wá síbí kí n lè dákẹ́.

Ó ka àkọ́kọ́. Mo tún un sọ. "Ṣé eku ló sọ̀rọ̀ yẹn ni àbí èèyàn?" Mo tún un sọ. "Áà, eku náà ti dàgbà díẹ̀." Ìgbà kẹta ni ohùn mi tó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀gá Ẹ̀ka wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í wọlé, ó ní òtútù yàrá náà ń wọ òun léegun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ogójì ló ń dúró de agbo, torí sáfà mẹ́rin ò gbé iṣẹ́ márùn-ún. Ó fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú ìkẹrin rẹ́ kí wọ́n sì tún un tò.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá, sà."

"Mo lè fara da ọjọ́ márùn-ún."

"Mẹ́wàá ni mo sọ, sà."

"Mà, ṣé ọjà là ń ná ni?"

"Rárá, sà. Tó bá jẹ́ ọjà ni, ogún ni ǹ bá kọ́kọ́ pè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo ń rò ó bọ̀ wálé: Ìyá Agbo kò gbé ohùn sókè, kò bẹ̀bẹ̀, ó sì gba ohun tó fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Dísìkì tuntun dé. Owó rẹ̀ ti fò sókè láti ìgbà tí wọ́n ra èyí tó kẹ́yìn. Ìyá Agbo ní kí n gbé e bí ọmọ ìkókó, mo sì gbé e bẹ́ẹ̀.

Dísìkì aláìsàn ti ń yí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà la tó so tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà pe aláìsàn ní Ìkíní, ó pe tuntun ní Ìkejì. Ìyá Agbo kọ ọ́, ó kà á: "Kó láti Ìkíní, dà á sí Ìkejì."

"Kó láti Ìkíní, dà á sí Ìkejì. Mo gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ bí ìgbín. Tó bá dé ibi tó bàjẹ́, á dúró, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á fò ó, á tẹ̀síwájú. Ìyá Agbo dín ìyára rẹ̀ kù sí i, kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìdá mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kì í béèrè nǹkan kan. Á wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ, á kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, á jáde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màámi pè. Ó bi mí bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́. Mo ní mo ní méjì. Ó ní kí ni orúkọ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́?"

Mo ronú. "Obìnrin kan tó ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ òun sọ."

"Ó ga o. Ṣé kò gbọ́ràn dáadáa ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi gbá ògiri.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo fẹ́ kọ èyí kí n tó sùn.

Iná lọ ní gbogbo ilé náà láàárọ̀, nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Bátìrì ńlá gbé agbo dúró, àmọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a fi ń da ẹrù kò sí lórí bátìrì. Ó kú fin-ín. Ìdá mẹ́tàléláàádọ́ta la ti dà.

Ìgbà tí iná dé, ọ̀sán ti pọ́n, Ọ̀gá sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àná ni ọjọ́ mẹ́wàá pé. Àìkú tó bọ́ sí ló jẹ́ kó di òní. Ìyá Agbo tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé kò sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ.

Àgbà méjì ń sọ̀rọ̀, torí náà ojú mi lọ síbi tó máa ń lọ. Iná aláwọ̀ ewé kékeré tàn lára dísìkì tuntun. Mo ń kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo ti ka ẹ̀sán kí ti aláìsàn tó tàn, kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Ọ̀gá ní, "Mà, ṣé ẹ ò kàn lè tẹ̀síwájú níbi tẹ́ ẹ dé ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, sà."

Ó ṣí ìwé padà sí ojú ewé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì kà á: "Kó láti Ìkíní, dà á sí Ìkejì. Bẹ̀rẹ̀ níbi tí o dúró sí." Ìka rẹ̀ ti wà lórí kíbọọ̀dù.

Mi ò sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe ìgboyà o. Ọ̀rọ̀ ló kọ̀ tí kò jáde. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ò rí bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ mi ò tíì rí orúkọ tí màá pè é. Fáànù mẹ́rin ń kùn.

Ọ̀gá ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ ni? Sọ ohun tí wọ́n ní kó o sọ kí iṣẹ́ máa lọ!"

Ìyá Agbo gbé ọwọ́ òsì sókè sí i láìwẹ̀yìn wò. Ó gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí kíbọọ̀dù. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí?"

"Tuntun... tuntun ló kọ́kọ́ jí, mà."

Ó wò mí. Ó wo dísìkì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí mi ò rí i kó ṣe rí: ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó dì wọ́n mú bí ẹni tó ń dá ọmọ ẹlòmíì dúró.

"Ka nọ́ńbà tó wà lára dísìkì tuntun fún mi. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn."

Mo kà á. Òun náà ka èyí tí kọ̀ǹpútà kọ sí iwájú Ìkíní. Bákan náà ni wọ́n.

Ọ̀gá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́ lédè tó yé mi."

Ìyá Agbo ní, "Kọ̀ǹpútà kì í mọ dísìkì lójú, sà. Bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ léra jí ló ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni Táyé, ẹni tó bá pẹ́ ni Kẹ́hìndé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aláìsàn ló kọ́kọ́ jí. Lónìí, ó pẹ́ lórí ibùsùn. Òfìfo ni ǹ bá kó dà sórí ẹrù. Gbogbo ohun tí a ò tíì dà ì bá ti parẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ mi ni ì bá ti wá. Ìka kan báyìí."

Ìgbà tó yá, ó mú gègé pupa, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àkókò, àṣìṣe, ẹni tó fẹ́ ṣe é. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ. Ó wá kọ òfin tuntun sí abẹ́ rẹ̀, pé láti òní lọ a kò ní pe dísìkì ní Ìkíní tàbí Ìkejì mọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ la óò máa pè. Ó kà á sókè. Mo tún un sọ.

"Mo gbọ́."

"Èmi náà gbọ́," ni Ìyá Agbo wí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ tún fẹ́?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìpàdé ẹ̀ka. Ìyá Agbo dìde láàárín àwọn olùkọ́, ó sì ka ojú ewé pupa yẹn fún wọn. Ó ka ti ìkìlọ̀ tó ń lọ sínú ímeèlì bàbá tó fẹ̀yìn tì mọ́ ọn. Kò dín in kù, kò fi omijé sí i. Ó kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ máa sọ èyí fún gbogbo ayé ni, mà?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù. Ta ni kí n sọ fún, aládùúgbò?"

Mo ti ń bẹ̀rù láti kékeré pé tí wọ́n bá mọ̀ pé mo ṣì í, ilẹ̀ máa lanu. Obìnrin yìí ṣì í, ó kà á sókè, ó jókòó, ó sì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ torí ooru mú un. Nígbà tí ìpàdé tú, olùkọ́ mẹ́ta ló wá bi í léèrè bóyá ẹ̀dà iṣẹ́ tiwọn wà níbòmíràn.

Ìdá ọgọ́rin.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó parí ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Dísìkì aláìsàn yí fún nǹkan bí wákàtí kan sí i, ó dún lẹ́ẹ̀kan péré, ó dákẹ́. Ìyá Agbo yọ ọ́, ó nù ún, ó sì dì í sínú bébà. Ó ní, "O ṣeun." Dísìkì ló ń bá sọ̀rọ̀, mo ti wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

A pe Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣí ìkún omi náà lójú ẹ̀rọ, ìlà aláwọ̀ búlúù kan. Odò ń sùn, odò ń sùn, lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. Ó ń gòkè. Ó wá dúró: àyè funfun. Lẹ́yìn àyè náà, ìlà yẹn tún bẹ̀rẹ̀ ní òkè réré, ó ń gòkè lọ, títí tó fi já lójijì. Ibi tí omi ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ nìyẹn.

"Ogójì ìṣẹ́jú ló sọnù," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó fi ìka tẹ àyè funfun náà. "Àárín gan-an ni. Ibi tó ti ń sáré jù."

Ìyá Agbo ní, "Lẹ́yìn tó parí, a padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Má bínú."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó rí ló ń sunkún rẹ̀ ni àbí ohun tó sọnù. Mo lọ bu omi wá fún un. Ó di ọwọ́ mi mú pọ̀ mọ́ ife náà, omi sì dà sí wa lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ń kọ́ ìkẹrin padà. Pátákó iná tuntun, dísìkì làákàyè tuntun, ìṣó mẹ́rìnlélógún láti orí bébà. Èmi ni mo dè wọ́n. Ọwọ́ Ìyá Agbo wà lẹ́yìn rẹ̀, kò bá mi dè é.

Nígbà tí a ní kó wọ inú agbo, àwọn mẹ́rin kọ̀ ọ́. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé rẹ̀. Ìyá Agbo ní kì í ṣe ìkà: wọ́n ṣì ń retí ìkẹrin ti àtijọ́, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé wọn, wọn ò sì lè gba ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan. "Lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o tù wọ́n nínú pé ẹni yẹn ti lọ, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́." Lónìí, èmi ni mò ń kọ, tí mò ń kà á sókè. Òun ló ń tún un sọ.

Ní ìgbà kẹrin ó ní, "Kí o kà á kí n gbọ́, àbí o ti tún di eku?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Wọ́n gbà á. Ẹrù ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti ara àwọn yòókù. Ìkìlọ̀ ń lọ sínú ímeèlì Ìyá Agbo báyìí, àti sí tèmi. Mo ka àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "kò síyọnu" nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá gbọ́ ìdánrawò òun. Ó ní òun fẹ́ ẹni tó máa dákẹ́ tó sì máa rí nǹkan. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì yẹn jẹ́ iṣẹ́.

Ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Ó wo àyè funfun náà, kò sì tù ú lára. "Fa ìlà tààrà láti ẹ̀gbẹ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Odò á mọ̀, sà."

"Odò kọ́ ló máa fún ẹ ní máàkì. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ ò pé ńkọ́? Wọ́n lè ní kó o lọ ṣe ọdún kan sí i."

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó di etí tábìlì mú lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí Ọ̀gá ò ti lè rí i. Èmi rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Òjò dá lálẹ́ àná. Oòrùn wà. Yàrá náà kéré, àga kò tó. Èmi àti Ìyá Agbo dúró lẹ́yìn.

Olùyẹ̀wò mẹ́ta. Àgbà inú wọn jẹ́ bàbá kan tó ń yọ awò ojú rẹ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tí ìkún omi náà hàn lára ògiri, ó tún yọ ọ́.

"Ìhò wo nìyí?"

"Ibi tí dísìkì ti kú ni, sà. Ogójì ìṣẹ́jú."

"Ẹ ò dí i."

"Mi ò dí i, sà. Kó tó wọbẹ̀, omi ga ní mítà méjì. Nígbà tó jáde, ó ti di mẹ́ta àti ààbọ̀. Pé ó gòkè, mo mọ̀. Bó ṣe gòkè, bóyá díẹ̀díẹ̀ ni àbí ẹ̀ẹ̀kan náà, mi ò mọ̀, n ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Èèyàn ń gbé ìsàlẹ̀ odò yẹn. Ohun tí mo bá fà síbẹ̀ ni wọ́n máa fi kọ́ ilé."

Bàbá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ síta.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹ̀gbọ́n dúró, ó fi iwájú orí ti ògiri. Ìyá Agbo jókòó lórí àga ike, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti sùn lọ pẹ̀lú ẹnu yíyà. Èmi ń ka bíríkì. Mo ti dé igba ó lé díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Dókítà, ẹ wọlé."

Ẹ̀gbọ́n wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ àfi èmi.

Ìyá Agbo ló kọ́kọ́ pariwo, láti ojú oorun, kó tó lajú tán. Àwọn tó wà ní kíláàsì kejì yọjú.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n jáde, bàbá olùyẹ̀wò sì tẹ̀ lé e. Ó bọ Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó ní ìhò yẹn lòun fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, òun sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kóun tó kú, kí Dókítà yára lọ ri ẹ̀rọ ìwọ̀n mìíràn mọ́ odò kí òjò ńlá tó tún dé.

Ẹ̀gbọ́n yí sí wa. Ojú rẹ̀ wú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Ajé ni màá lọ. Ẹ̀rọ yẹn wúwo o, omi sì dé àyà níbẹ̀. Ta ló máa bá mi gbé e?"

"Èmi, ẹ̀gbọ́n!"

Ohùn náà ròkè débi pé Ọ̀gá yíjú. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.